Ẹfolúṣọ̀n nínú kọ̀ǹpútà: iṣẹ́ tí a rán an ló ń jẹ́

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2006, NASA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, gbé sátẹ́láìtì kéékèèké mẹ́ta lọ sókè. Space Technology 5 ni wọ́n sọ iṣẹ́ náà, ST5 ní ìkékúrú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju tẹlifíṣọ̀n kékeré ayé àtijọ́ lọ. Áńtẹ́nà kan wà lára wọn tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí i nílẹ̀ yàrá yín, ẹ ó gbá a mọ́ pàǹtí ni. Ó jọ kílíìpù ìwé tí ọmọdé ti fi eyín àti ìka tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún. Kò gún, kò rí róbótó, apá ọ̀tún rẹ̀ kò bá ti òsì mu. Ẹnjiníà wo ló máa ya irú rẹ̀ sínú ìwé, tí yóò tún láyà láti gbé e dé iwájú ọ̀gá?

Ẹnjiníà kankan kò sì yà á. Kọ̀ǹpútà ló tọ́ ọ dàgbà láti ìran dé ìran, lábẹ́ ojú Jason Lohn, Gregory Hornby, Derek Linden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń bá Ames, ilé ìwádìí NASA ní Kalifọ́níà, ṣiṣẹ́. Òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí a fi irú ọ̀nà yìí ṣe tó dé òfuurufú. Evolutionary computation ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀nà náà. Ìṣirò ẹfolúṣọ̀n ni mo máa pè é níhìn-ín. Orúkọ náà ti rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àwọn kan gbọ́ ẹfolúṣọ̀n, wọ́n ní àríyànjiyàn ọ̀bọ àti Ádámù ti tún dé. Àwọn mìíràn rò pé kọ̀ǹpútà tó lẹ́mìí, tó ń bímọ, ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ya àgbàdo tó yọmọ jù sọ́tọ̀ rí, tó ní irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ nìyí, ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì kejì ló ṣòro, òun ni mo sì fẹ́ ká dúró lé lórí: ta ló ń ṣe adájọ́, kí ni adájọ́ náà sì ń wọ̀n?

Ẹ jẹ́ ká gba Ìbàdàn kọjá ná. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń wá ẹ̀gẹ́ tí apá àrùn mòsáìkì kò ní ká. Àrùn yìí ló máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tó sì ń sọ ohun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ di bíńtín. Wọn kò jókòó ya ẹ̀gẹ́ náà bí ẹni ya ilé. Wọ́n da òdòdó ọ̀kan pọ̀ mọ́ ti èkejì, wọ́n gbin ọmọ tó tibẹ̀ wá lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n jẹ́ kí àrùn bá wọn fínra. Èyí tó rọ, wọ́n fà á tu. Èyí tó yè ṣùgbọ́n tí kò ta, wọ́n fà á tu. Ìwọ̀nba tó kù ló tún di òbí fún ìpele tó tẹ̀ lé e. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló bí ẹ̀gẹ́ TMS 30572, tí ọ̀pọ̀ oko mọ̀ dáadáa. (Inú àwọn àgbẹ̀ dùn débi pé wọ́n fi Hahn jẹ oyè Sẹ́ríkì Àgbẹ̀ ní Ìkirè.)

Nínú kọ̀ǹpútà, àṣẹ kúkúrú ló rọ́pò igi ẹ̀gẹ́. Fún áńtẹ́nà ST5, àṣẹ náà lọ báyìí: lọ síwájú ìwọ̀n báyìí, yí ìwọ̀n báyìí, tún lọ síwájú, tún yí. Ẹni tó bá fi wáyà tẹ̀ lé àṣẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin yóò ní áńtẹ́nà kan lọ́wọ́, ì báà dára, ì báà burú. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀, láìronú, bí ẹni da owó ẹyọ sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í wúlò fún nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi sọ́fítíwìà tó mọ bí ìgbì rédíò ṣe ń rìn lára wáyà dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, tí yóò fún wọn ní máàkì. Àwọn tí máàkì wọn dára ni yóò bímọ. Ọmọ lè gba apá kan àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, kó gba ìyókù lọ́dọ̀ ìyá. Ọmọ sì lè jọ òbí kan délẹ̀délẹ̀, àfi ibì kan tí kọ̀ǹpútà ṣèèṣì yí padà, tó sọ "yí 30" di "yí 47". Yóò tún wọn àwọn ọmọ wọ̀nyí, yóò tún yọ àwọn tí kò ṣe dáadáa kúrò, ìran mìíràn yóò dé. Ẹ̀rọ náà kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìtàn ST5 ni pé, nígbà tí iṣẹ́ ti wọra, NASA yí ipa tí sátẹ́láìtì náà máa gbà yí ayé ká padà. Áńtẹ́nà tí wọ́n ti rí kò bá ipa tuntun mu mọ́. Ká ní ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, ẹni tó yà á ì bá padà sídìí iṣẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Àwọn ará Ames yí òṣùwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń fún wọn ní máàkì padà ni, wọ́n ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí oṣù kan, áńtẹ́nà mìíràn ti wà nílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òṣùwọ̀n ni wọ́n yí padà. Wọn kò fọwọ́ kan wáyà.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ láyé ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní 1964, ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Berlin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, Ingo Rechenberg, Hans-Paul Schwefel àti Peter Bienert, fi híńjì márùn-ún so abala pẹlẹbẹ mẹ́fà pọ̀, wọ́n gbé e sójú atẹ́gùn tí ẹ̀rọ ń fẹ́. Wọ́n ń wá ìdúró tí kò ní dí atẹ́gùn lọ́nà. Híńjì kọ̀ọ̀kan lè dúró sí ipò 51. Bí ẹ bá ṣírò 51 × 51 × 51 × 51 × 51, ìdúró tó ṣeé ṣe jẹ́ 345,025,251. Wọn kò fi ìṣirò wá èyí tó dára jù. Wọ́n jẹ́ kí oríire pinnu bí wọ́n ṣe máa yí híńjì kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Bí ti tuntun bá sàn ju ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sàn, wọ́n á dá a padà. Gbẹ́rẹ́gbẹ̀rẹ̀ bíi páànù òrùlé ló rí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò tó tó 300, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ tán.

Ẹ lè ní ta ni kò mọ̀ pé ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kì í dí atẹ́gùn lọ́nà? Wọ́n mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi yàn án nìyẹn. Obìnrin tó ra kọ́ńgò tuntun lọ́jà, ìrẹsì tó ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ máa wọ̀n sínú rẹ̀.

Òbí kan, ọmọ kan ni ti àwọn ará Berlin. Kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé ni John Holland, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Michigan. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1975 ló jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní genetic algorithm di mímọ̀ káàkiri. Òdo àti ení, 0 àti 1, ni Holland fi ń kọ àṣẹ tirẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò ní rí èyí bí àjèjì: èso mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kó dojú délẹ̀, odù 256 ló ń bá wá. Ẹ fi èso kan kún un, odù yóò di ìlọ́po méjì. Bí èso bá di 20, iye náà yóò di 1,048,576. Bí ó bá di 30, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan. Àṣẹ tí wọ́n ń lò nídìí iṣẹ́ gidi sì máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kò sí ẹni tó lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọgbọ́n sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí ìgboro kó lè yé wa dáadáa. Ká ní ẹ ní ilé búrẹ́dì n'Íbàdàn, tí ọkọ̀ yín ń já búrẹ́dì sí ìsọ̀ mẹ́sàn-án kó tó padà wálé. Ọ̀nà tó lè gbà to ìsọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tẹ̀ léra jẹ́ 181,440, bí a bá ka yíyí lápá ọ̀tún àti yíyí lápá òsì sí ọ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà á ti yẹ gbogbo ìyẹn wò kí ẹ tó mu omi tán. Ẹ wá fi ìsọ̀ mẹ́wàá kún un. Iye ọ̀nà náà yóò di 60,822,550,204,416,000. Kọ̀ǹpútà tó ń yẹ mílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò lò ju ọdún 1,900 lọ kó tó parí. Búrẹ́dì á ti bu.

Báwo ni a ṣe ń fi ọ̀nà ọkọ̀ méjì bímọ? Ká mú ibi mẹ́fà péré. Ọ̀nà bàbá: Mókọ́lá, Dùgbẹ̀, Challenge, Ring Road, Agodi, Bódìjà. Ọ̀nà ìyá: Agodi, Challenge, Bódìjà, Dùgbẹ̀, Mókọ́lá, Ring Road. Bí a bá gé méjèèjì láàárín, tí a mú mẹ́ta àkọ́kọ́ bàbá, tí a lẹ mẹ́ta ìkẹyìn ìyá mọ́ ọn, ọkọ̀ yóò dé Mókọ́lá lẹ́ẹ̀mejì, yóò dé Dùgbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn oníbàárà Agodi àti Bódìjà yóò sì máa fi ojú wá a. Àbíkú ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, a óò mú mẹ́ta àkọ́kọ́ bàbá, a óò wá to ìyókù bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra lọ́dọ̀ ìyá: Mókọ́lá, Dùgbẹ̀, Challenge, Agodi, Bódìjà, Ring Road. Kò sí ibi tó sọnù, kò sí ibi tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà sì jọ bàbá, ó jọ ìyá. Bí a bá fẹ́ àyípadà ojijì lára rẹ̀, a lè mú ibi méjì kí wọ́n pààrọ̀ ààyè. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ àkókò àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nìyí: kí wọ́n wá bí wọ́n ṣe máa kọ ìṣòro sílẹ̀ tí ọmọ kò fi ní máa di àbíkú.

Ó wá ku òṣùwọ̀n. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà wá ọ̀nà tí epo kò ní jó púpọ̀. Bí ẹ kò bá sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn tó dára jù ni pé kí ọkọ̀ má jáde rárá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Níbi tí òṣùwọ̀n yín dé, ó gbà á pátápátá, epo tó jó jẹ́ òdo. Ẹ ó wá fi kún un pé ó gbọ́dọ̀ dé gbogbo ìsọ̀. Ó dáa. Yóò mú ọ̀nà tó kúrú jù wá, ṣùgbọ́n aago mọ́kànlá ni yóò dé ìsọ̀ tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ra búrẹ́dì níbẹ̀ ti wọṣẹ́ láti aago mẹ́jọ. Ẹ ó fi àkókò kún un. Yóò tún gba àdúgbò tí gosiló rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀dá kọjá láàárọ̀, nítorí ẹ kò sọ fún un pé gosiló wà láyé. Dẹ́rẹ́bà yín mọ gbogbo èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò mọ tọmọ. Bí ẹ ṣe rán an ló ń jẹ́ ẹ, bí àlàfo kan bá sì wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ibẹ̀ gan-an ni yóò gbà wọlé, nítorí ibẹ̀ ló rọrùn jù. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lápò, mẹ́ta lára wọn nìyí.

Ní 1994, Karl Sims, ará Amẹ́ríkà, ń sin àwọn ẹ̀dá tí ara wọn jẹ́ àpótí àpótí nínú ayé inú kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń rìn, ó sì ń wọn bí wọ́n ṣe ń yára tó. Ẹ̀dá tó bá ga fíofío, tó kàn ṣubú lulẹ̀ gbì, á yára gan-an bó ṣe ń ṣubú. Kò rìn, ṣùgbọ́n ó gba máàkì. Sims ní láti dí ọ̀nà yẹn pa kó tó rí àwọn tó ń rìn lóòótọ́.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Adrian Thompson ti jẹ́ kí ẹfolúṣọ̀n tún ìsopọ̀ inú chip gidi kan tò, ìyẹn ègé kékeré tó ń ṣiṣẹ́ ọpọlọ nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó rán an kéré: kó mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn méjì, ọ̀kan tó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, èkejì tó ń gbọ̀n ní ìgbà 10,000. Igun kékeré kan péré, tó ní yàrá 100, ló fún un nínú chip náà, kò sì fún un ní aago tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń lò láti fi mọ àkókò. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran, ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí Thompson tú u wò, ó bá àwọn yàrá kan tí kò so mọ́ ọ̀nà tí ìdáhùn ń gbà jáde. Bí ó bá yọ wọ́n, iṣẹ́ bàjẹ́. Ìsopọ̀ náà ti kọ́ bí iná mànàmáná ṣe ń rà pálá lára ohun èlò yẹn gan-an, ó sì fi ṣe oúnjẹ. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí igun mìíràn nínú chip kan náà, kì í ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó dà bí ọmọ tó mọ ìwé kà nínú kíláàsì kan ṣoṣo, lórí àga kan ṣoṣo. Thompson kò sọ fún un pé kó lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Iṣẹ́ tó rán an ló jẹ́.

Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Ní 2002, Jon Bird àti Paul Layzell, tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ní kí ẹfolúṣọ̀n dá ìsopọ̀ iná kan tí yóò máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, lọ sókè, wá sílẹ̀, láìdúró. Wọ́n rí ọ̀kan tó ń gbọ̀n lóòótọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kò gbọ̀n fúnra rẹ̀ rárá. Ó ti sọ ara rẹ̀ di rédíò. Ó ń fi ojú ọ̀nà wáyà ara pátákó rẹ̀ ṣe áńtẹ́nà, ó ń gba ìgbì tó ń jáde lára kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí, ó sì ń gbé e síta bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jí ìdáhùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò sọ èyí láti fi bú ọ̀nà náà. Ẹ̀mí kan náà, tó ń gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn, ló rí kílíìpù wíwọ́ tó bá sátẹ́láìtì mu. A kò lè fẹ́ ọ̀kan ká kọ èkejì.

Nígbà mìíràn, wàhálà òṣùwọ̀n ni pé ohun méjì tí a ń fẹ́ kì í gbé pọ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ní Japan mọ èyí dáadáa. Òkè pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ojú irin náà sì ń gba inú ihò abẹ́ òkè kọjá. Bí ọkọ̀ bá já wọ inú ihò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú eré, yóò ti atẹ́gùn ṣíwájú bí ọwọ́ ìgò abẹ́rẹ́ ṣe ń ti oògùn; agbára yẹn á sáré gba inú ihò náà, á sì dún gbàmù lẹ́nu kejì, àwọn tó ń gbé nítòsí á ta gìrì. Imú ọkọ̀ tó gùn ló ń dín ariwo náà kù. Imú ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 500, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, gùn tó mítà 15. Ó dára fún etí, ṣùgbọ́n imú tó gùn ń jẹ ààyè ìjókòó, àga ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ń tà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ọkọ̀ N700, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 2007, wọ́n fi genetic algorithm wá bí imú náà ṣe máa rí. Mítà 10.7 ló dúró sí, ìrísí rẹ̀ sì dà bíi ti ẹyẹ tó na ìyẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á rí àwọn ibi tó wú àti ibi tó rì tí ojú kò retí.

Bí ohun méjì bá ń jà báyìí, ìdáhùn kan ṣoṣo kì í sí. Ẹ wo aṣọ òkè: èyí tó wọ́n tó sì lálòpẹ́ wà, èyí tí kò wọ́n tó sì tètè ṣá wà, àárín wọn sì kún fún oríṣiríṣi. Èyí tí a lè jù nù láìbèèrè ni èyí tó wọ́n tó tún tètè ṣá. Ìyókù, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ rà á ló kù sí. Ìṣirò ẹfolúṣọ̀n mọ bí a ṣe ń tẹ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀ síwájú èèyàn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ọ̀pọ̀ ìdáhùn ló ń tọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tí Kalyanmoy Deb, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2002, tí wọ́n ń pè ní NSGA-II, wà lára èyí tí wọ́n ń lò jù fún un.

Ìbéèrè kan máa ń wáyé: ṣé èyí náà ni AI tí gbogbo ayé ń pariwo? Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ẹ̀rọ bíi ChatGPT kẹ́kọ̀ọ́ láti inú àpẹẹrẹ tó pọ̀ bí yanrìn. Ìṣirò ẹfolúṣọ̀n lè má rí àpẹẹrẹ kan rí. Òṣùwọ̀n nìkan ló nílò. Wọ́n tiẹ̀ ti ń fẹ́ ara wọn báyìí. Ní oṣù Karùn-ún 2025, Google DeepMind gbé AlphaEvolve jáde. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ ló ń dá àyípadà sára kóòdù, dípò kí oríire máa yí i bó ṣe fẹ́, ẹ̀rọ mìíràn sì ń wọn èyí tó sàn. Ó rí bí a ṣe lè sọ àtẹ nọ́ńbà 4 sí 4 méjì di púpọ̀ pẹ̀lú ìsọdipúpọ̀ 48, àní bí àwọn nọ́ńbà náà bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní complex. Ọ̀nà tí Volker Strassen, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, fi sílẹ̀ láti 1969 ń lo 49. Ọ̀kan péré, ọdún 56.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló tọ́ sí o. Níbi tí ìṣirò tààrà bá ti wà, ẹ lo ìṣirò tààrà. A kì í gbé kátàpílà wá kọ ebè kan ṣoṣo. Bí wíwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ń gba oṣù mẹ́jọ bíi ti ẹ̀gẹ́, tàbí tó ń ná owó gọbọi, ìran ẹgbẹ̀rún kan kò ṣeé dúró dè. Kò sì sí ìgbà tí ẹ̀rọ yìí máa fi ọwọ́ sọ̀yà pé èyí tí òun rí ni ó dára jù láyé. Ó lè sọ pé ó sàn ju gbogbo èyí tí òun ti yẹ̀ wò lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tó ti wúlò lójoojúmọ́ jù lójú tèmi, àwọn èèyàn kì í sábà ka ibẹ̀ sí: táìmù-tébù ilé-ìwé. Òfin ibẹ̀ kò dọ́gba. Pé olùkọ́ kan kò lè wà ní kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, dandan ni. Pé kí Ìṣirò má bọ́ sí ọ̀sán tí oorun ń kun àwọn ọmọ, ẹ̀bẹ̀ ni. Owó ìtanràn ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú òṣùwọ̀n: ẹni tó bá rú òfin dandan, 1,000, ẹni tó bá rú ẹ̀bẹ̀, 5. Táìmù-tébù tí ìtanràn rẹ̀ bá kéré jù ló ń bímọ.

Ẹ wò ó bí yóò ṣe lọ. Ọmọkùnrin tó mọ kọ̀ǹpútà yóò gbé táìmù-tébù tí ìtanràn rẹ̀ jẹ́ òdo lọ fún igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, tó ti ń fi pẹ́ńsùlù àti ìrásà ṣe é láti ogún ọdún. Màmá á gbé jígí sójú, wọ́n á fi ìka tọ ọ́ wálẹ̀, wọ́n á dúró.

"Físíìsì SS2 àti Kẹ́mísírì SS3, aago mẹ́wàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lábù mélòó lẹ rò pé a ní?"

"Ẹ má bínú mà. Ẹ ò sọ fún wa pé ọ̀kan ni."

"Ta ni kò mọ̀?"

Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ìtanràn 1,000. Kọ̀ǹpútà á tún sìn ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, Màmá á tún gbé jígí sójú.

"Jímọ̀ ńkọ́? Alhaji tí ẹ fi sí aago kan ọjọ́ Ẹtì, mọ́ṣáláṣí lẹ ti máa lọ bá wọn."

Ọmọkùnrin náà á tún ṣí ìwé rẹ̀.